Lẹ́tà Tí Ọ̀ṣunníkẹ́ Fọwọ́ Sí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé inú kì í bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ sọ fún un pé kò tí ì pàdé Ìfẹ́olúwa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí nínú oṣù kejì ọdún, ọmọbìnrin náà ti ọ́fíìsì míṣọ̀n wọn jáde ní Ẹ̀jìgbò, ó gba iwájú àwọn ọlọ́kadà tó mọ̀ ọ́n dáadáa kọjá. Wọ́n ń kí i pé, "Míṣọ́nnárì, ẹ káàsán o," kò dá ẹnì kankan lóhùn. Ìfẹ́olúwa tí í máa kí ewúrẹ́ pàápàá lójú ọ̀nà! Ó ti kọjá ibùdókọ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn tán kó tó rántí pé ibẹ̀ lòun ń lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì náà kò gùn. Pásítọ̀ Adéyẹmọ, alábòójútó àgbègbè, ní kó jókòó, ó sì sọ fún un pé wọ́n ti gbé e lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Kìṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní láti fi palẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin sà, mi ò tí ì parí níbẹ̀," ni Ìfẹ́olúwa wí. "Ilé ìjọsìn wa kò tí ì ní òrùlé. Àwọn ìyá tí mò ń kọ́ níwèé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn ni. Ta ló wá ní kí n kúrò?"

Pásítọ̀ wo orí tábìlì. "Àwọn tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni."

Ó na lẹ́tà kan sí i. Bí ìwé náà ṣe kà nìyí: "A kí yín o, alábòójútó. A fẹ́ kí ẹ bá wa mú Míṣọ́nnárì Ìfẹ́olúwa kúrò nílé wa kíákíá. Kò tọ́ kó tún máa sùn níbẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Ó dàbọ̀ o."

Ìfẹ́olúwa mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Àjàní ni. Àjàní tí òun àti ẹ̀ jọ ṣàdéhùn ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gún un lọ́kàn jù. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹnì kan ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju èkejì lọ: Ọ̀ṣunníkẹ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Ìfẹ́olúwa fi di ọwọ́ ìyá arúgbó náà mú kó tó mọ orúkọ yẹn kọ. Ìka ló máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí màmá máa fọwọ́ ara rẹ̀ sí láyé ẹ̀ nìyí, òun ló sì fi lé olùkọ́ ẹ̀ jáde.

"Ọmọ mi," Pásítọ̀ Adéyẹmọ rẹ ohùn sílẹ̀, "kí lo ṣe fún wọn?"

Ẹ ò rí ìbéèrè yẹn, òun ló da epo síná. "Ṣé ẹ bi wọ́n, sà?"

"Ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn kò lè kọ sílẹ̀, ṣé irú ẹ̀ lèèyàn ń bèèrè kiri? Orúkọ rẹ ni mò ń dáàbò bò."

Ìfẹ́olúwa dìde. Ó dúpẹ́, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó sì jáde kó má baà sọ èyí tó kù.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ó ṣe dé ilé Ọ̀ṣunníkẹ́. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí míṣọ̀n kọ́kọ́ rán an wá, ìlú Ara tó wà nítòsí ni wọ́n fẹ́ kó máa sùn, níbi tí míṣọ̀n ti ní yàrá kan, kó máa gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn láràárọ̀. Ọ̀ṣunníkẹ́, tí òun àti ìdílé ọkọ rẹ̀ ń bọ Ògìyán láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ló wọ aṣọ funfun ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ẹ̀jìgbò. Ó kúnlẹ̀ bẹ alábòójútó. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun bí ti lọ sí Abidjan láti ọdún mẹ́rìndínlógún, yàrá rẹ̀ ṣófo, kí wọ́n fi ọmọ yìí ti òun. Nígbà tí wọ́n gbà fún un, ó sọ Ìfẹ́olúwa ní Àbẹ̀bí, nítorí ó bẹ̀bẹ̀ kó tó rí i. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní àlejò mọ́ nínú agboolé náà. Bí ọdún Ògìyán bá dé tí gbogbo ilé ń gúnyán, odó méjì ni màmá máa ń gbé kalẹ̀. Ó máa gún ti òrìṣà nínú ọ̀kan, ó máa gún ti Àbẹ̀bí nínú èkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé míṣọ́nnárì ń jẹ ohun òrìṣà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àjàní ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní ọjọ́ ọjà, ó sì máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Ọdún kejì tí Ìfẹ́olúwa dé, ó ní òun náà fẹ́ gbin iṣu. Àjàní bá a níbi tó ti ń kọ ebè, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Míṣọ́nnárì, iṣu lẹ fẹ́ gbìn sínú èyí ni àbí ẹ̀wà?" Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún gbogbo ẹ̀ kọ. Inú bí Ìfẹ́olúwa lọ́jọ́ yẹn náà, nítorí ó ti fi gbogbo òwúrọ̀ kọ ọ́. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló tún ní kí Àjàní wá wo ebè náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é.

Wàlíyátù ló ṣe alárinà wọn. Télọ̀ ni, Abidjan ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó padà wálé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí agboolé wọn. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin sọ́dọ̀ obìnrin, nítorí ojú Àjàní kì í gbà á láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mọ̀síyọ̀ ló ń pe Àjàní, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni ní Abidjan. "Mọ̀síyọ̀ tún ní kí n kí ẹ o," ló máa ń wí, ó máa fi ìwọ̀n aṣọ gbá a léjìká. "Ó ní o ò jẹun dáadáa láti àná. Èmi ò mọ ibi tó ti ń ṣọ́ ẹ!"

Ọdún kan ààbọ̀ ni Wàlíyátù fi rin ìrìn yẹn kí Àjàní tó lanu sọ̀rọ̀. Orí ebè ni wọ́n jókòó sí. Ó pè é ní ìwọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́." Ìfẹ́olúwa ní òun náà fẹ́ ẹ, kó lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ná. Àjàní lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wojú ẹ̀ mọ́. Bó bá wọ àgbàlá, Àjàní máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìfẹ́olúwa ti ń ronú pé bóyá màmá kọ̀ ni, bóyá nítorí ìgbàgbọ́ ni, ó sì ń gbàdúrà sí i. Kò mọ̀ pé lẹ́tà ni wọ́n ń kọ.

Bó ṣe wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Ọ̀ṣunníkẹ́ wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Àbẹ̀bí, o ti dé? Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní kí n kúrò níbí, mà."

Ojú màmá là. Ẹ̀rín ni, kì í ṣe ohun mìíràn! "Ọlọ́run ṣeun o," ló wí, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìfẹ́olúwa wọ yàrá, ó gbá ilẹ̀kùn débi pé aláǹgbá já láti ara ògiri. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́run ṣeun! Èèyàn máa lé ọmọ jáde, ó tún máa pàtẹ́wọ́ sí i! Ṣé ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i láti ọdún mẹ́rin, ẹnu lásán ni? Ṣé odó méjì yẹn, àṣehàn ni? Ó fẹ́ jáde lọ bèèrè. Ìbínú kò jẹ́. Ó ní, èmi ni wọ́n ṣẹ̀, àwọn ni kó wá bá mi.

Ìyá rẹ̀ pè é láti Ìkìrun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti gbọ́. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì tètè máa ń gbọ́.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa," ni ìyá wí. "Àdúrà mi gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ Bọ́látitó sọ fún mi nípa ọlọ́kadà kan. Ìfẹ́olúwa, ilé abọ̀rìṣà! Ṣé torí ìyẹn la ṣe rán ọ lọ sílé ẹ̀kọ́ Bíbélì?"

"Mọ́mì, àgbẹ̀ ni."

"Àgbẹ̀ abọ̀rìṣà!"

Ó pa fóònù mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Kò ṣe irú ẹ̀ rí. Gbogbo ayé ló ń dúpẹ́ pé wọ́n ń gbé e lọ, òun nìkan ni kò rí ohun ọpẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń jáde tó ń wọlé láìsọ ju "ẹ káàárọ̀, mà" lọ. Màmá ń wò ó, kò yé e. Ní ọjọ́ kẹrin ni Wàlíyátù wá bá a nínú yàrá, ó rí i tó ń ká aṣọ sínú àpótí.

"Àntí Ìfẹ́, ẹ̀rín ló yẹ kó o máa rín, o ń fajú ro. Kí ló dé?"

"Jáde, Wàlíyátù. Ìwọ pẹ̀lú wọn lẹ jọ ṣe é. Ọdún kan ààbọ̀ lo fi ń tàn mí."

"Èmi? Mo tàn ẹ́ sọ́dọ̀ ta?"

"Kìṣí ni mò ń lọ! Kẹ́ ẹ lọ jó, kẹ́ ẹ lọ yọ̀. Mo ń lọ sí Kìṣí!"

Ìwọ̀n aṣọ tó wà lọ́rùn Wàlíyátù já bọ́ sílẹ̀. "Kìṣí? Kìṣí ti Òkè-Ògùn? Mais non! Rárá o! Ara ni wọ́n ní! Ara tó wà níbí!" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sá jáde láìwọ bàtà, ó ń pariwo orúkọ Àjàní gba ọ̀nà oko lọ.

Kó tó di wákàtí kan, gbogbo wọn ti péjọ sí àgbàlá. Àjàní dé pẹ̀lú erùpẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Bàbá Ṣàngódèyí, olórí ẹbí, ti jókòó sórí àga rẹ̀. Ọ̀ṣunníkẹ́ dúró, ọwọ́ lérí. Ìfẹ́olúwa kò jókòó.

"Ìwọ ọmọ yìí," Bàbá Ṣàngódèyí bẹ̀rẹ̀, "láti ọjọ́ tí ìyá ẹ yìí ti fún ọ ní oríkì, ọmọ ilé yìí lo jẹ́. Àjàní wá ní ìwọ lòun fẹ́ fẹ́. Inú wa dùn o, kò sẹ́ni tó kọ̀. Àmọ́ ta ni ká wá lọ tọrọ ẹ lọ́wọ́ ẹ̀? Bí a bá tilẹ̀ lọ sí Ìkìrun, ṣé ọmọ tó ń sùn nílé wa la fẹ́ tọrọ? Ṣé kí n dìde lórí àga yìí, kí n lọ jókòó sórí tọ̀hún, kí n máa dá ara mi lóhùn?"

"Omi ńkọ́?" Ọ̀ṣunníkẹ́ gbà á lẹ́nu ẹ̀. "Ìyàwó tó bá wọ ilé wa, ẹnu ọ̀nà la ti ń bomi ṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó wọlé. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá ọkọ mi nìyẹn. Ìwọ ti wà nínú ilé, Àbẹ̀bí. Ìwọ lò ń gbá àgbàlá. Ibo la máa dúró sí ká tó ṣan ẹsẹ̀ ẹ? A ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí Ara, sínú yàrá míṣọ̀n yẹn, oṣù kan péré, ká wá bá ọ níbẹ̀, ká tọrọ ẹ bí ọmọ èèyàn."

Ìfẹ́olúwa wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kò kọ Ara sínú ìwé."

Gbogbo wọn yíjú sí Àjàní. Àjàní ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "A rò pé... ibòmíràn wo ni wọ́n tún fẹ́ gbé ẹ lọ?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ pé ìdí rẹ̀ kò ṣe é kọ?"

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sọ ọ́," ni Bàbá Ṣàngódèyí wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn yà lẹ́nu. "Ta ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́? Ìwọ̀sí nìyẹn jẹ́ sí àwọn òbí ọmọ."

Bó bá jẹ́ ìtàn ibòmíràn ni, ibi tí ọmọbìnrin máa ti rẹ́rìn-ín nìyí, tí wọ́n á dì mọ́ra wọn. Ìfẹ́olúwa kò rẹ́rìn-ín. Àlàyé náà yé e dáadáa, ó sì tún dá kún ìbínú ẹ̀.

"Ta ló bi mí?" ni Ìfẹ́olúwa wí. "Nínú gbogbo yín, ta ló jókòó tì mí tó ní, Àbẹ̀bí, a fẹ́ gbé ọ kúrò fún oṣù kan, ṣé o gbà? Pásítọ̀ ń bi mí léèrè irú ìwà ìbàjẹ́ tí mo hù. Èmi! Màmá, ọwọ́ yín yìí ni mo dì mú. Oṣù mẹ́jọ! Ẹ máa ń sunkún tí bírò bá yẹ̀ lọ́wọ́ yín, mo máa ní ẹ má sunkún, ẹ tún un kọ. Orúkọ tí mo kọ́ yín lẹ fi lé mi nílé."

"Mi ò lé ọ, ọmọ mi." Omi ti ń bọ́ lójú Ọ̀ṣunníkẹ́. "Mo fẹ́ kó o padà wọlé ni."

"Ìwọ ńkọ́?" Ó kọjú sí Àjàní. "Ìwọ tó o rí ẹnu sọ̀rọ̀ lórí ebè?"

"Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ. Wọ́n ní bí ìyàwó bá gbọ́ kí àwọn ará ilé ẹ̀ tó gbọ́..."

"Wọ́n ní! Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Àjàní tún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀ṣunníkẹ́ tún wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sí Ẹ̀jìgbò, Àjàní gbé e lórí ọ̀kadà. Wọ́n bẹ Pásítọ̀ Adéyẹmọ títí oòrùn fi kan àtàrí. Pásítọ̀ ní ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí ìwé, ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ó tún ní bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, ìdí tó fi yẹ kó kúrò gan-an nìyẹn.

Àjàní wá bá Ìfẹ́olúwa lẹ́yìn ilé ìjọsìn tí kò ní òrùlé. "Má lọ," ló wí. "Fi míṣọ̀n sílẹ̀. Jẹ́ ká ṣe é níbí."

"Ìwọ ńkọ́, fi oko ẹ sílẹ̀, ká jọ lọ."

"Oko bàbá mi?"

"Iṣẹ́ Bàbá mi ni èmi náà ń ṣe!"

Ìfẹ́olúwa fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló fi sunkún délé, ẹkún náà sì ń bí i nínú, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i kó rò pé ó ti ń rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣe kẹ́yìn, àwọn ìyá méjìlá tó ń kọ́ ní ìwé dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tò níwájú pátákó, wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún un. Ọ̀ṣunníkẹ́, tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Nígbà tí àwọn tó kù parí, ó jókòó sórí òkúta níta, ó bo ojú. Ìfẹ́olúwa rí i. Ó fẹ́ lọ bá a. Kò lọ. Ẹ má dá a lẹ́bi o, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ibì kan tó báyìí, kò lè fi ẹ̀rín kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé, mọ́tò ló wọ̀. Àjàní dúró ti ọ̀kadà rẹ̀ lójú ọ̀nà pé kí òun gbé e dé Ẹ̀jìgbò. Ó kọjá lára ẹ̀.

Abúlé tó wà lẹ́yìn Kìṣí náà, iṣu ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn sì dá kún ìrora ẹ̀. Kò lè wo ibì kankan kó má rí ebè. Ilé kékeré kan ni wọ́n fún un, ó fi efun kùn ún fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun pẹ̀lú àwọn ìyá mẹ́fà. Bí Àjàní bá pè é, kò ní gbé e. Àmọ́ kì í pa fóònù. Ó máa jókòó wò ó títí tó fi máa dákẹ́, lẹ́yìn náà ó máa tún bínú pé ó tètè dákẹ́.

Wàlíyátù ló ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáàsápù. "Àntí Ìfẹ́, gbọ́ o, Mọ̀síyọ̀ lọ sí Ìkìrun. Ìyá ẹ lé e jáde." Oṣù kan lẹ́yìn náà: "Ó tún lọ. Wọ́n tún lé e. Ó ní òun máa padà lọ." Nínú oṣù keje: "Màmá Ọ̀ṣunníkẹ́ náà bá a lọ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n sọ o, àmọ́ ìyá ẹ fún wọn lóúnjẹ. Voilà! O ò rí i!"

Ìyá rẹ̀ pè é lọ́jọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá àgbà yẹn sọ fún mi pé òun máa ń gúnyán sínú odó méjì."

Ìfẹ́olúwa tẹ fóònù mọ́ etí.

"O ò sọ fún mi rí," ni ìyá wí. "Ọdún mẹ́rin, obìnrin yẹn ń ṣọ́ ẹ̀sìn rẹ fún ọ nínú ilé òrìṣà. Èmi gan-an ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó sọ pé àwọn ṣẹ̀ ọ́."

"Wọ́n ṣẹ̀ mí, mà."

"Ó dáa. Bínú tán o, kó o tó dáhùn."

Oṣù kọkànlá ni Àjàní dé, lẹ́yìn tó wa iṣu rẹ̀ tán. Èbù iṣu ló kún ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ọkọ́ méjì wà lórí ẹ̀, eruku bo ojú ẹ̀. Kò wọ àgbàlá. Ìta ló dúró sí.

"Mo ti fi oko sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Mo ti rí baálẹ̀ ibí, ó ní ilẹ̀ wà. Àmọ́ mi ò tí ì gbà á. Mo wá bi ọ́ léèrè ná. Ṣé o fẹ́ kí n wá máa gbé níbí? Bó o bá ní rárá, mo máa padà lónìí."

Ìfẹ́olúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù mẹ́jọ ló fi to ọ̀rọ̀ jọ dè é. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti lẹ́tà, ó sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá, ó sọ ti ìbéèrè Pásítọ̀. Àwọn ará abúlé dúró ń wò. Àjàní kò gbójú sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò sì dá a lẹ́nu.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi o."

"Mo gbọ́," ni Àjàní wí.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n so yìgì ní Ìkìrun. Ọjọ́ kejì, àwọn ará ilé ọkọ gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ìyẹn ni pé wọ́n gbé e lọ sí abúlé ẹ̀yìn Kìṣí, níbi tí Àjàní ti ń dáko báyìí. Ọ̀ṣunníkẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó bu omi kún igbá, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ilé Ìfẹ́olúwa ni. Ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún kan ó lé. Efun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ṣì wà lára ògiri. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣan ẹsẹ̀ ìyàwó wọ ilé ara rẹ̀?

Wọ́n dúró nínú oòrùn. Wàlíyátù ń bojú rẹ́rìn-ín. Bàbá Ṣàngódèyí tilẹ̀ fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ronú jinlẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀. "Kò le. Ẹ jẹ́ kó lọ sùn sílé aládùúgbò yìí fún ọjọ́ mélòó kan, ká wá lọ mú un wá láti..."

"Mi ò kúrò níbì kankan mọ́!"

Ariwo yẹn dé ọjà. Ìfẹ́olúwa gba igbá omi lọ́wọ́ Ọ̀ṣunníkẹ́, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Àjàní, bọ́ bàtà ẹ."

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ló kúrò nílé bàbá ẹ̀? Ta ló ń wọ ilé onílé? Mo ní bọ́ bàtà!"

Àjàní wo ìyá rẹ̀. Ó wo olórí ẹbí. Lẹ́yìn náà ó wo ìyàwó rẹ̀, kò sì wo ẹlòmíràn mọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Yéè!" Ọ̀ṣunníkẹ́ káwọ́ lérí. "Wọ́n ń ṣan ẹsẹ̀ ọmọkùnrin mi bí ìyàwó!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín tó ń sunkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a gbé ìsàlẹ̀ ṣòkòtò náà sókè kó má baà tutù.

Ìfẹ́olúwa da omi náà sí i lẹ́sẹ̀. Kò rọra dà á o, ó dà á bí ẹni tí inú ń bí, títí igbá fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló gba ọwọ́ ọkùnrin náà, ó fà á wọlé.